Ta Ló Jẹ Ẹran Náà?

Ẹ̀yin òbí Ìrèé, ẹ̀yin òbí Ìlá, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè wa yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ yín ń fi bíléèdì ṣe ní yàrá bàólọ́jì? Bíléèdì tí ẹ fún wọn lówó rà láàárọ̀, tí ẹ rò pé pẹ́ńsùlù ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ́. Ikùn ni wọ́n fẹ́ fi là o!

Àwọn àgbà ló ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í déédéé sáré lọ́sàn-án. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Tí àsìkò ìdánwò bá ti sún mọ́lé, kò sí àdììtú nínú ohun tó ń lé e mọ́: ọmọ SS3 ni. Bí ẹ bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá gọ́tà lóru, tí wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́, ẹ má pariwo olè. Tíṣà ló ní kí oníkálukú mú ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀ wá. Oníkálukú! Kíláàsì tí ọmọ 40 bá wà, ọ̀pọ̀lọ́ 40 nìyẹn. Èyí tó bá láyà nínú wọn a mú mẹ́ta, a sì ta méjì fún àwọn tí ẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́ ń bà. Ọmọ tí ẹ rán lọ kàwé ti di oníṣòwò ọ̀pọ̀lọ́, ìyá rẹ̀ ò gbọ́, bàbá rẹ̀ ò gbọ́.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn a da kulorofọ́ọ̀mù sí òwú, wọn a jù ú sínú ike pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́, wọn a dé e pa. Ibi tí kulorofọ́ọ̀mù wà nìyẹn o. Ibi tí kò sí ńkọ́? Ẹ má bi mí. Kò ní jẹ́ ẹnu tèmi ni ẹ ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, wọn a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí pákó, wọn a fi pín-ìnnì kan ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, wọn a gbé awọ ikùn sókè, wọn a là á láti ìsàlẹ̀ dé ọ̀fun. Ẹ̀dọ̀ rèé, ẹ̀dọ̀fóró rèé, ìfun rèé, ọkàn rèé tó ní yàrá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ tiwa ní mẹ́rin. Ọkàn yẹn sì lè máa lù síbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti la àyà ẹranko tán, ọkàn ṣì ń mí kìì-kìì. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, àwọn kan a máa bì, àwọn tó ń yọ́ fóònù mú wọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa ya fọ́tò. Agogo bá lù, ó parí. Wọn a kó òkú ọ̀pọ̀lọ́ dà sí igbó ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, èèrà a bò wọ́n.

Ẹ wá dá mi lóhùn: ta ló jẹ ẹran náà? Kò sí. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́, kò sí aláìsàn tó wò sàn, kò sí òrìṣà tó gbà á. Ẹ̀mí 40 ló bọ́, nítorí máàkì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa yínmú sí mi pé báwo ni dókítà yóò ṣe mọ iṣẹ́ bí kò bá la nǹkan wò. Ó dáa. Nínú ọmọ 40 yẹn, mélòó ni yóò di dókítà? Èyí tó fẹ́ di aránṣọ ńkọ́, èyí tó fẹ́ di amòfin, èyí tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ní iṣẹ́ bíríkìlà? Gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ pa ọ̀pọ̀lọ́ kan-kan kí wọ́n tó jáde?

Kì í kúkú ṣe pé ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà mí. Ọmọ wo ní Ìlá ni kò tíì di ẹsẹ̀ àgbò mú lọ́jọ́ Iléyá? Ọmọ wo ní Ìrèé ni kò tíì fa ìyẹ́ adìẹ Kérésì nínú omi gbígbóná, tí òórùn rẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì? Àwa kì í fi ikú ẹran pamọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Ààfáà tó fẹ́ dúńbú kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú àgbò, kì í sì í pa ọ̀kan níṣojú èkejì. Bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá kí ìyà má baà pẹ́ lára ẹran. Yóò dárúkọ Ọlọ́run kó tó gbé ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Tí ó bá tán, wọn a pín in: ìdá kan fún ará ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún aláìní. Ẹni tó ń bọ Ògún náà kì í pa ajá kó jù ú sígbó. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ, ó sì ní àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó di ẹsẹ̀ àgbò mú mọ̀ pé ikú náà ní ibi tó ń lọ, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ni ọ̀bẹ wà. Ọmọ tó la ọ̀pọ̀lọ́ kò mọ̀ ju pé ó gba méje nínú mẹ́wàá.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí pé èyí tó kù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ girama àgbà, ọ̀sìn ẹran sì wà lára wọn. Èrò rere ni. Kí ọmọ má baà ka ìwé tán kó máa wojú ìjọba. Wọn a gba owó lọ́wọ́ òbí, wọn a ra òròmọdìẹ agric, àwọn ọmọ a máa gbá ilé adìẹ, wọn a máa gbé omi àti oúnjẹ fún un kí wọ́n tó tò sórí ìlà láàárọ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Kó tó pé oṣù méjì, adìẹ ti sanra, pírátíkàlì dé. Tíṣà a dúńbú méjì tàbí mẹ́ta níwájú kíláàsì. Á fi bí wọ́n ṣe ń bọ ìyẹ́ hàn wọ́n, á fi bí wọ́n ṣe ń yọ ìfun láìbẹ́ òróòro hàn wọ́n, nítorí pé ẹni tó bá bẹ́ òróòro ti sọ ẹran di kíkorò. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fi ebi sùn láyé.

Àwọn adìẹ yòókù ńkọ́?

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ẹ kò lè fi ipá gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, ohun tí wọ́n sọ sí mi létí ni pé Kérésì kò tíì dé tí ilé adìẹ ti dákẹ́ lọ́lọ́lọ́. Àwọn ọmọ dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀. Wọ́n béèrè, èsì tí wọ́n gbà ni pé àrùn ló wọlé. Irú àrùn wo nìyẹn, tó mọ ọ̀nà ilé olùkọ́, tó sì mọ ìwọ̀n ìkòkò? Ọmọ tó fi owó ìyá rẹ̀ ra oúnjẹ adìẹ kò fi ẹnu kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí! Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ́ kejì tí ọmọ kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní ipò ló ń jẹ ẹran, ẹni tó ṣe iṣẹ́ a gbọ́ òórùn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, dá ètò O'MEALS sílẹ̀ ní 2012, tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọ̀ṣun ń jẹun ọ̀sán ní ilé-ìwé, ẹni tó fẹ́ bú u bú u, ṣùgbọ́n inú àwo ọmọ ni ẹran àti ẹyin wà, ojú ọmọ ni wọ́n ti ń bù ú. Ẹran tó jẹ́ ti ọmọ, kí ọmọ rí i jẹ.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni ojú ń tì. Àwọn Òyìnbó tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìwà, ẹ wá wo tiwọn. Ní 2009, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Lydd, ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń sin ọmọ àgùntàn kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Marcus. Àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn tọ́ ọ. Nígbà tí àgùntàn náà tó pa, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Andrea Charman, kò dá a ṣe o. Ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ 14 dìbò. 13 ní kí wọ́n pa á, ẹyọ kan ló ní rárá. Owó ẹran náà ni wọn yóò sì fi ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Yéè! Ìlú gbaná. Àwọn òbí kan yarí, àwọn èèyàn kóra jọ sórí Facebook, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n nì, Paul O'Grady, ní kí wọ́n gbé Marcus wá fún òun, òun á máa sìn ín. Àwọn kan ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ọ̀gá àgbà bí ẹni pé ọmọ èèyàn ló fẹ́ pa. Wọ́n pa Marcus ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà tó di 2010, ìyáàfin náà kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí níbẹ̀. Kì í ṣe pípa àgùntàn. Àgùntàn ni wọ́n sìn, kì í ṣe ológbò. Ohun tó bí mi nínú ni ìbò yẹn. Àgbàlagbà fẹ́ pa ẹran, ó wá fa ọ̀rọ̀ ikú lé ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká lọ́wọ́! Ta ló fi ọmọ ṣe adájọ́ láyé? Ọmọ kan ṣoṣo tó ní rárá yẹn, ta ló bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Níbí, bàbá ló ń sọ pé àgbò yìí la máa pa. Ẹ̀bi ọ̀bẹ, ọrùn bàbá ló wà. Ọmọ lè sunkún, kò burú. Ṣùgbọ́n kò ní dàgbà kó máa rántí pé òun ni òun na ọwọ́ sókè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Japan ṣáájú. Ní 1990, tíṣà kan tó ń jẹ́ Kuroda Yasufumi, ní agbègbè Osaka, gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wá fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní wọn yóò sìn ín, wọn yóò sì jẹ ẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹran jíjẹ jẹ́. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní P-chan. Ẹ ti rí àṣìṣe tó wà níbẹ̀: ohun tí a fẹ́ jẹ, ta ló ń sọ ọ́ lórúkọ? Wọ́n sìn ín títí wọ́n fi fẹ́ jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n jiyàn, wọ́n sunkún, ìdajì ní kí wọ́n fà á lé kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́, ìdajì ní kó lọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ló lọ ní ìgbẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 2008. Ẹkún àwọn ọmọ ti di ohun tí èèyàn ń sanwó wò.

Amẹ́ríkà ló wá burú jù. Ní oṣù kọkànlá 2014, ní ìlú Nampa, ní ìpínlẹ̀ Idaho, tíṣà bàólọ́jì kan mú ehoro wọ kíláàsì, ó ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ, ó sì bó awọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá ni! Kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n ní kó kọ́ wọn.

Ìyẹn gan-an kéré sí ti ewúrẹ́ Cedar. Ní California, wọ́n ní ètò kan tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ọ̀sìn. Ọmọ á sin ẹran, á mú un lọ síbi ìpàtẹ, wọn á tà á fún pípa. Ní 2022, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan mú Cedar lọ sí ìpàtẹ Shasta. Olóṣèlú kan ra ẹran rẹ̀ ní dọ́là 902. Bí ọmọ ṣe rí i pé pípa ló kù, ó dì mọ́ ewúrẹ́, ó ní òun kò tà mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ewúrẹ́ sá lọ, ó ní òun yóò san gbogbo gbèsè tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó rà á ní kò burú. Àwọn oníìpàtẹ kọ̀! Ohun tó kàn wọ́n nínú owó náà kò tó dọ́là 70, wọ́n kọ̀. Ọlọ́pàá wa ọkọ̀ ju máìlì 500 lọ nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mú un padà, wọ́n pa á. Wọ́n ní àsè ìlú ni wọ́n fẹ́ fi ẹran náà ṣe. Ní 2024, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ gbà láti san 300,000 dọ́là fún ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Nítorí dọ́là 70! Orí kunkun àgbàlagbà kì í rọrùn rà.

Ẹ padà wá sílé. Àwa náà ní òfin o. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ìpín 495, sọ pé ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ₦50, tàbí kó rí méjèèjì. ₦50! Ta ló tún ń bẹ̀rù ₦50? Bí òfin bá ti di ohun tí owó ìyípadà inú àpò lè tán, ojú èèyàn nìkan ló kù láti tì.

Àwọn ìlú mìíràn ti ronú sí i. Ní California kan náà, ní 1987, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, Jenifer Graham, kọ̀ láti la ọ̀pọ̀lọ́. Ó pe àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́jọ́, nígbà tó sì di 1988 ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ọmọ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè ní òun kò ṣe, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Ní India, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó yunifásítì pàṣẹ ní 2014 pé kí wọ́n ṣíwọ́ lílà ẹranko nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. India tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ, àwọn dókítà rẹ̀ náà ni àwọn olówó wa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá. Ṣé wọ́n kò mọ iṣẹ́ ni?

Ẹ sì bi ọmọ tó ti ṣe ìdánwò WAEC léèrè. Àwòrán ni ẹni tó ń máàkì ń wò: ṣé ìlà rẹ̀ mọ́, ṣé ó ní àkọlé, ṣé orúkọ ẹ̀yà ara tọ́, ṣé ó kọ bó ṣe sọ ọ́ di ńlá tó. Pẹ́ńsùlù ló ń gba máàkì, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi oògùn tọ́jú sínú ìgò tó fún gbogbo kíláàsì, àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ náà á tún lò ó. Ẹni tó fẹ́ fi ọkàn han ọmọ, kó lọ bá alápatà lọ́jà. Ọkàn màlúù wà níbẹ̀, ó tóbi, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ hàn kedere, ẹni tí yóò jẹ màlúù náà sì ti wà kí wọ́n tó pa á. Ẹja odindi náà wà. Ẹ là á, ẹ yà á, ẹ kọ orúkọ sí i lára; bí ẹ bá ṣe é ní mímọ́, ẹ sè é, kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, àwọn àgbà ní kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Tíṣà tó bá rán ọmọ 40 lọ mú ọ̀pọ̀lọ́ 40, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí òun gan-an lè jókòó ti ike yẹn títí ẹranko inú rẹ̀ yóò fi dákẹ́. Kì í ṣe ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń yigbì níbẹ̀; ti ọmọ náà ń yigbì. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń jẹ̀rora, ẹ máa ṣọ́ ọ nígbà tó bá gba agbára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ àwọn tíṣà ọ̀la ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni tó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ fi èyí kún ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Pólì Ìrèé, ẹ fi han àwọn girama tó yí yín ká bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ìkọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin òbí, ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ má kàn jókòó gbọ́ iye owó tí wọ́n fẹ́ gbà. Ẹ dìde, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló pa á, kí ni wọ́n pa á fún, ta ló sì jẹ ẹran náà? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ pa ẹranko kankan níwájú ọmọ yín.